Ẹni Tó Rẹ́ Pákó Láti Abẹ́

Pákó náà kò ṣẹ́. Wọ́n rẹ́ ẹ ni.

Abẹ́rẹ́ na àyà bo orí afárá, ó yọ orí sínú àlàfo tí pákó kẹtàdínlógún fi sílẹ̀, ó ń wo abẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tó ń wá òrùka nínú kànga. Omi ọ̀sà ti fà. Ẹrẹ̀ dúdú hàn nísàlẹ̀, àwọn alákàn kéékèèké sì ń yọjú láti inú ihò wọn, wọ́n ń wò ó padà. Èyí tó kù lára pákó náà ṣì wà lórí igi ìdábùú, ìṣó rẹ̀ kò mì. Ayùn ti jẹ ẹ́ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó gún régé bí ìgbà téèyàn fi okùn gé ọṣẹ. Ìdá kan yòókù ló ya jákujàku nígbà tí ẹsẹ̀ èèyàn tẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe ojú ayùn yẹn ló gba àfiyèsí rẹ̀. Ibi tí ayùn ti bẹ̀rẹ̀ ni. Òkè pákó ló ya, abẹ́ rẹ̀ ló gún. Ẹni tó ṣe é wà nísàlẹ̀, ó sì ń rẹ́ ẹ bọ̀ lókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Sájẹ́ǹtì wí lẹ́yìn rẹ̀. "Aṣọ ìsinmi yín lẹ fi ń nu afárá yẹn. A ti mú ẹni tó ṣiṣẹ́ náà."

"Mo gbọ́."

"Ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e lọ sí olú ilé iṣẹ́ wa ní aago mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ti parí."

"Aago mélòó ló lù báyìí?"

Sájẹ́ǹtì wo ọwọ́ rẹ̀. "Mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀."

"Ó ku nǹkan bíi wákàtí méje. A jẹ́ pé kò tíì parí."

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rí. Kì í ṣe pé ó tín-ín-rín. Ó lára dáadáa. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, òun náà kì í sì í jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ òun lójú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló gbé e wá síbí. Dókítà ló ní kó máa rìn, kó jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá rẹ̀ ló sì yan ibi tí wọn yóò ti máa rìn: ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko àti ẹyẹ létí òkun, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti gba inú igbó kọjá, tó gba orí iyanrìn, tó sì wá gun afárá onípákó ọ̀ọ́dúnrún kọjá ọ̀sà lọ sí ahéré kan lódìkejì. Inú ahéré náà ni àwọn àlejò máa ń jókòó sí, tí wọ́n á pa ẹnu mọ́, tí wọ́n á máa wo ẹyẹ.

Láàárọ̀ àná, Ọjọ́rú, obìnrin ayàwòrán kan jí lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Pákó kẹtàdínlógún já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, itan rẹ̀ ṣẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́, tó ti wà lórí ilé ìṣọ́ pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ló gbọ́ igbe rẹ̀.

"Ta lẹ mú?" ni Abẹ́rẹ́ bi Sájẹ́ǹtì.

"Káfíńtà ọgbà. Ìyá kan tó ń ṣa ìṣáwùrú lódìkejì ló rí ẹnìkan tó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ewé lábẹ́ afárá, tó ń fi ayùn rẹ́ nǹkan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Mo bi Káfíńtà níbo ló wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní òun wà lórí afárá. Mo ní kí ló mú lọ́wọ́, ó ní ayùn. Ọ̀gá, àwọn míì á kọ́kọ́ purọ́ kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Èyí ò tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu."

"Òun gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu," ni Abẹ́rẹ́ wí.

*

Yàrá irinṣẹ́ wà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ayùn márùn-ún ló so rọ̀ lára ògiri, láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù, ìṣó sì wà nínú agolo tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lára. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ǹ bá dìde kí ọ, àmọ́ bẹ́ǹṣì tí wọ́n so mí mọ́ yìí, èmi ni mo kàn án. Kò ní í já."

Abẹ́rẹ́ fa àpótí kan, ó jókòó tì í. "Kí lẹ rẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Pákó mẹ́ta. Ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án. Wọ́n ti jẹrà. Mo wọn tuntun, mo rẹ́ ẹ, mo kàn án. N kò dé ọ̀dọ̀ ìkẹtàdínlógún rárá. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ."

"Ẹ ò rẹ́ nǹkan kan lábẹ́ afárá?"

Bàbá náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó máa ń fi ẹsẹ̀ kọ̀wé. "Lábẹ́? Kí n gbójú sókè, kí n máa rẹ́ igi sórí ara mi? Ọmọ mi, ẹni tó bá rẹ́ pákó láti abẹ́, ojú ara rẹ̀ ló ń bu lẹ́búlẹ́bú igi sí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ gbá mi létí lórí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò sì tíì gbàgbé. Káfíńtà tí ò lójú, kí ló fẹ́ fi wọn igi? Imú?"

Abẹ́rẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó mọ́ gaara. Kò pọ́n, kò wú. Omi díẹ̀ ló dúró sí i, èyí kò sì ti ọwọ́ igi wá.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lórí afárá yìí," ni Bàbá náà wí. "Bí mo bá di ojú rìn ín, ẹsẹ̀ mi á sọ fún mi pé pákó báyìí ni mo wà. Kí wọ́n gbé mi lọ, mo ti dàgbà. Àmọ́ ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́sẹ̀ yìí. N kò fẹ́ kí wọ́n fi mí han ọmọ yẹn lọ́jọ́ kan pé bàbá àgbà rẹ nìyí, òun ló dá itan ọmọ ọlọ́mọ."

Abẹ́rẹ́ kò ṣèlérí. Kì í ṣe é. Ó kàn bi í pé ayùn wo ló sọnù.

"Kò sí. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ yẹn." Ó tún wo ògiri náà. "Èyí tó kúrú jù yẹn, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Èmi kì í gbé e kọ́ báyẹn."

*

"Mo ní kí ọmọ mi wá wo ẹyẹ, ó lọ ń wo pákó," ni Màmá wí bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́. "Bí mo bá mú un lọ sí ọ̀run, á ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ilẹ̀kùn han òun."

Amọ̀nà rẹ́rìn-ín. Òun ni ọgbà fi ń mú àlejò káàkiri, ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlógójì tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó mọ orúkọ ẹyẹ láti orí igbe rẹ̀ nìkan. Gbogbo àlejò ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù ewé bíi ti àwọn yòókù, ó sì fi jígí dúdú bojú nítorí oòrùn.

Lórí ilé ìṣọ́, atẹ́gùn òkun ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Lékeléke tò sórí iyanrìn lọ́hùn-ún bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Lódìkejì ọ̀sà ni igbó àwọn igi tí gbòǹgbò wọn ń dúró lórí omi, pẹ̀lú òrùlé ahéré tó yọ díẹ̀ láàárín wọn. Amọ̀nà ṣí jígí rẹ̀ sókè, ó gbé awò sójú òsì, ó sì di ojú ọ̀tún pa.

"Awò yìí lójú méjì," ni Màmá wí. "Kí ló dé tó o fi ń ṣọ́ ọ̀kan ná?"

"Yanrìn ló bọ́ sí i, Màmá. Ẹ mọ atẹ́gùn etí òkun."

"Pẹ̀lẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú sì ni ìwọ fi ń jẹun. Lọ wá nọ́ọ̀sì." Màmá gbé awò tirẹ̀. "Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí. Ìwé pélébé tí wọ́n fún wa lẹ́nu ọ̀nà ní odídẹrẹ́ tó lé ní igba ló ń wá sùn nínú igbó yẹn lálaalẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tí a dé, mo ka mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Lánàá, mọ́kànlélógójì péré. Ṣé ojú tèmi náà ti gba yanrìn ni?"

"Ẹyẹ ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, Màmá. Wọ́n lè ti ríbòmíì."

"Gbogbo wọn? Láàárín ọjọ́ mélòó kan yìí?"

Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ wọn. Ó gbára lé igi, ó bi í láìyíjú padà: "Ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ pákó yẹn, ẹ̀yin tí etí yín mọ igbe ẹyẹ báyìí, ẹ ò gbọ́ igbe ayùn?"

"Mi ò sí níbí rárá, Àǹtí," ni Amọ̀nà dáhùn. "Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà nílùú, látàárọ̀ dalẹ́. A jọ ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ẹ lè bi í."

Ìdáhùn náà já geere, bí ewì tí ọmọ iléèwé ti há sórí.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Abẹ́rẹ́ ṣí ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àlejò. Ó wá ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: *Akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n, olùkọ́ méjì. Amọ̀nà ló mú wọn rìn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe nọ́ńbà iléèwé tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni olùkọ́ tó gbé fóònù wí. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò fi wá sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ó tiẹ̀ ń ṣe bí ọ̀bọ fún àwọn ọmọ."

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó fi fóònù sápò. Ọ̀rọ̀ yìí há a lọ́fun bí egungun ẹja. Èèyàn máa ń purọ́ kó lè bọ́. Èyí ní ẹlẹ́rìí méjìlélọ́gbọ̀n tó lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́, ó sì fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó lọ ń yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo.

*

Kí Abẹ́rẹ́ tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Sájẹ́ǹtì ti fi ọ̀rọ̀ míì kún ọ̀rọ̀. Ìyá Oníṣáwùrú àti Káfíńtà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bàbá náà ti lé e kúrò lábẹ́ afárá rí, gbogbo èèyàn ló gbọ́ èébú wọn. Abẹ́rẹ́ fi ìbínú pé kò sọ ọ́ láàárọ̀ sínú àpò, ó rìn yí orí ọ̀sà ká dé ẹ̀bá igbó náà, ibi tí ẹsẹ̀ kò ti lè gba àárín gbòǹgbò dé ahéré. Bí ẹlẹ́rìí bá ní ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń jẹ́rìí lé, ó yẹ kéèyàn tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò.

Ó bá a nínú omi tó dé orúnkún, agbọ̀n so mọ́ ìbàdí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Ọlọ́pàá tún ti dé. Mo ti sọ tẹnu mi lánàá, ọmọ mi. Ìṣáwùrú ò ní í dúró dè mí."

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Káfíńtà ò rẹ́."

Ìyá náà nà dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Ó lé mi, mo bú u. Ó bú mi, mo tún bú u. A lọ sílé, oúnjẹ wọlé fún oníkálùkù. Ṣé nítorí ìyẹn ni màá fi ti àgbàlagbà sẹ́wọ̀n? Ṣé mo sọ pé òun ni mo rí? Ẹ̀wù ewé ni mo ní mo rí. Títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀wù ewé ni wọ́n ń wọ̀."

"Inú ẹrẹ̀ lẹni náà dúró sí?"

"Ẹrẹ̀ wo? Omi kún lọ́jọ́ náà. Inú ọkọ̀ kékeré tí ọgbà ní ló dúró sí."

"Ẹ sọ èyí fún Sájẹ́ǹtì?"

"Kò bi mí. Ó ní ọjọ́ wo, mo ní ìjẹrin. Ó kọ ọ́, ó pa ìwé dé, ó ní òun ń kánjú."

"Ẹ ò rí ojú ẹni náà?"

"Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Àmọ́ ó ṣe mí láàánú díẹ̀." Ìyá náà tẹ̀ ba, ó tún ń fi ọwọ́ wá nǹkan nínú omi. "Ó ń rẹ́ ẹ, ó ń dúró, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. Á tún rẹ́ ẹ, á tún dúró, á tún nu ojú. Mo ní bóyá ó ń sunkún ni."

Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan títí omi fi wọ inú bàtà rẹ̀.

Kò sunkún. Lẹ́búlẹ́bú igi ló ń bọ́ sí i lójú. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì wà nínú ọgbà yẹn tó ń fi ojú kan ṣoṣo wo ẹyẹ.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń padà bọ̀ lórí iyanrìn, ọgbọ̀n ọmọ àti olùkọ́ méjì ń rìn níwájú rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, Amọ̀nà ń ṣe bí ọ̀bọ fún wọn. Èèyàn kì í wà níbi méjì. Ojú pípọ́n kò lè fọ́ ẹlẹ́rìí méjìlélọ́gbọ̀n. Aago kan ààbọ̀ ti lù.

*

Ní ọ́fíìsì, Sájẹ́ǹtì ti tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ayàwòrán tó ṣubú. Abẹ́rẹ́ dúró lójú fèrèsé, ó ń fún omi jáde nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, iṣẹ́ yín?"

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n máa tọ́jú ọmọ tí kò gbọ́ ti dókítà."

Sájẹ́ǹtì kò kọ ìyẹn. "Ìgbà wo lẹ dé sí ọgbà yìí?"

"Ìjẹrin."

Ó kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ mú bàtà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ìwé náà. Ó dúró.

"Sájẹ́ǹtì, kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ọjọ́ tí ẹ dé, Ọ̀gá. Ọjọ́ Àìkú."

"Ọjọ́ Ajé la dé."

"Ìyá yín ló ní ìjẹrin." Ó na ìka mẹ́rin, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òní Ọjọ́bọ̀. Mo yọ mẹ́rin: Ọjọ́rú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Àìkú."

Màmá kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín títí tí awò fi ń mì lọ́rùn rẹ̀. "Ọmọ dáadáa, ta ló kọ́ ọ níṣirò? O fi òní sílẹ̀ síta. Òní gan-an ni ìkíní. Òní, àná, ìjẹta, ìjẹrin. Ìjẹta tí o máa ń wí, ọjọ́ mélòó sẹ́yìn ni?"

"Ó... ọjọ́ tó ṣáájú àná. Méjì."

"Ẹta la sì ń pè é. O ò bi ara rẹ léèrè rí? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ mọ ìjẹta nítorí pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ìjẹrin, ẹ gbé ìka jáde."

Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi bàtà náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ẹyẹ bà nítòsí rẹ̀ tí kò fẹ́ kó fò.

"Sájẹ́ǹtì. Ìyá Oníṣáwùrú, ọ̀rọ̀ wo gan-an ló ti ẹnu rẹ̀ jáde?"

"Ó ní ìjẹrin."

"Ẹ̀yin lẹ wá sọ ọ́ di ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Sájẹ́ǹtì tún na ìka mẹ́rin. Ó wo ìka ara rẹ̀. "Àná ló sọ ọ́ fún mi," ló wí wẹ́rẹ́. "Ọjọ́rú ni ìkíní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ajé." Ìka kẹrin pẹ́ kó tó ká. "Ọjọ́ Àìkú. Ọ̀gá, ọjọ́ Àìkú ni."

Wọ́n jọ wọ yàrá irinṣẹ́ lọ. Káfíńtà gbójú sókè.

"Bàbá, níbo lẹ wà lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ilé ìwòsàn. Ọjọ́ yẹn lọmọ mi bímọ. Mo dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ, wọ́n lé mi jáde ní ìrọ̀lẹ́ pé mo ń da àwọn nọ́ọ̀sì láàmú. Ẹ bi wọ́n, wọn ò ní í gbàgbé mi." Ó wo ojú wọn méjèèjì. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ọjọ́ Àìkú."

Sájẹ́ǹtì ti ń wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn lórí fóònù rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbọ́ púpọ̀, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó sì tú ọwọ́ bàbá náà kúrò lára bẹ́ǹṣì láìwò ó lójú.

*

Amọ̀nà ń nu awò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wa ọkọ̀ gbé wa sọdá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mo fẹ́ rí ahéré ọ̀hún."

"Wọ́n ti ti ọ̀nà ibẹ̀ pa, Àǹtí. Pákó tó já yẹn."

"Ọkọ̀ ò tẹ pákó."

Ó ń nu awò náà lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ tipẹ́. "Omi ò kún tó."

"Ó ti ń kún bọ̀. Ó kún lọ́jọ́ Àìkú náà." Abẹ́rẹ́ jókòó sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Mo bi yín láàárọ̀ níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ́ pákó. Láti àná, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Sájẹ́ǹtì ń wí fún gbogbo ọgbà yìí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wà pẹ̀lú ọgbọ̀n ọmọ. Bí ẹ bá jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀, ìyẹn ni ì bá yára wá sẹ́nu yín. Àmọ́ ẹ dá mi lóhùn pẹ̀lú òrùlé ẹ̀gbọ́n yín. Mo rò pé ẹ purọ́ lásán ni. Ẹ ò purọ́ lásán. Irọ́ ọjọ́ Àìkú lẹ ti há sórí, nítorí pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni."

"Àṣìsọ ni. Ọjọ́ dàrú mọ́ mi lójú."

"Ojú yín náà ńkọ́? Ẹ ṣí jígí yẹn."

Kò ṣí i. Màmá ló nawọ́, ó yọ ọ́ bí ìgbà téèyàn yọ fìlà lórí ọmọ rẹ̀. Ojú ọ̀tún Amọ̀nà pọ́n bí ata, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú.

"Yanrìn kì í ṣe èèyàn báyìí fún ọjọ́ mẹ́rin-márùn-ún," ni Màmá wí. "Igi ni. Ó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. O ò lè lọ bá nọ́ọ̀sì, nítorí pé yóò yọ ọ́ jáde, yóò sì bi ọ́ ohun tí o ń rẹ́."

Amọ̀nà wo Sájẹ́ǹtì, ó wo ọ̀nà, ó wo omi. Nígbà tó ṣe, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lára ìṣó.

Òdìkejì dákẹ́ rọ́rọ́. Láàárín igi méjì lẹ́yìn ahéré, Abẹ́rẹ́ kò kọ́kọ́ rí nǹkan. Ìgbà tí oòrùn tàn sí i ló rí àwọ̀n náà, tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, ó ga ju òrùlé lọ. Àwọ̀n mẹ́ta ni. Inú ahéré, lábẹ́ ìjókòó tí àwọn àlejò máa ń jókòó lé, ni àwọn àgò tí wọ́n fi àpò bò wà. Màmá ká àpò àkọ́kọ́ kúrò. Odídẹrẹ́ mẹ́jọ fún mọ́ra wọn nínú rẹ̀, ìrù pupa wọn ti já, wọn ò sì ké.

Sájẹ́ǹtì ká àpò kejì kúrò, lẹ́yìn náà ìkẹta.

"Bí afárá bá ṣí, àlejò á rí àwọ̀n," ni Amọ̀nà wí níkẹyìn. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n fi tì í. Pákó yẹn, ó yẹ kó dúró títí di Ọjọ́rú. Kò sí àlejò tó kọ orúkọ sílẹ̀ fún òdìkejì kó tó di ọjọ́ náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́rú, èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ débẹ̀. Mo fẹ́ fi igi tẹ̀ ẹ́, kó já, kí n sì lọ pariwo pé ó ti jẹrà. Kò sẹ́ni tó yẹ kó fara pa. Obìnrin yẹn ló jí ṣáájú mi."

"Káfíńtà ńkọ́?" ni Abẹ́rẹ́ bi í. "Wọ́n so ó mọ́ bẹ́ǹṣì látàná. Ìyẹn náà ò sí nínú ètò yín?"

Amọ̀nà tẹ orí ba. Omi ń jáde lójú ọ̀tún rẹ̀, kò sì ṣeé mọ̀ bóyá igi ni tàbí nǹkan míì.

*

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ ọlọ́pàá dé. Ẹni tó gbé lọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é. Wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ kí wọ́n lè kọ́kọ́ yọ igi náà.

Màmá kò bá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wà lórí ilé ìṣọ́, ó ń ka àwọn odídẹrẹ́ tó ṣí àgò fún fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fò lọ sórí igi, ó sì ń bínú sí ọ̀kan tó ń fò padà tó ń da òǹkà rẹ̀ rú.

Káfíńtà ti gbé ayùn tó kúrú jù kúrò lára ògiri, ó yí i padà, ó gbé e kọ́ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ó mú èyí tó tóbi, ó ki pẹ́ńsùlù bọ etí. Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Ọwọ́ mi ló ń dùn mí, inú ò bí mi." Bàbá náà ń fi ìka tọ́ ojú ayùn wò. "Ẹ jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe. Màá tú gbogbo pákó láti ìkẹwàá dé ogún, màá wo abẹ́ wọn. N kò fọkàn tán ẹ̀kankan mọ́."

"Ọ̀gá ọgbà ní kí n bi yín. Ìgbà wo ni afárá máa ṣeé rìn? Ó ní kí n kọ ọjọ́ náà sílẹ̀."

"Ẹ fún mi níjọ́ mẹ́rin."

Sájẹ́ǹtì fa kálámù yọ. Ó gbé e sórí ìwé, ó sì dúró. Ó wo Abẹ́rẹ́, tó ń so okùn bàtà rẹ̀ tó ti gbẹ, tí kò gbójú sókè. Ó fi kálámù sí ẹnu, ó na ọwọ́ òsì síwájú ara rẹ̀, ó sì ká ìka àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Òní," ló wí.